Ìkòkò Mímọ́, Ìwé Owó Mímọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lórí títa oúnjẹ ilé láti fi ṣe ìrànwọ́

   

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ tí a óò jẹ yó nìkan. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí a óò fi ọwọ́ ara wa sè nílé, tí yóò ṣe ara lóore, tí a óò tà fún ara wa àti fún àwọn aládùúgbò wa, tí a óò sì fi èrè rẹ̀ ran ẹni tí ìṣòro bá lọ́wọ́.

Kò sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí kò mọ irú ìṣòro tí mò ń wí. Akẹgbẹ́ wa kan lè kú, kí opó rẹ̀ máa wá owó ilé ìwé ọmọ. Òmíràn lè wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ilé ọmọ aláìlóbìí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ wa lè máa wá ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ohun tí a mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni pé kí a gbé igbá ìdáwó káàkiri. Ní oṣù àkọ́kọ́, igbá a kún. Ní oṣù kejì, ó di ààbọ̀. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹta, àwọn ènìyàn ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá nígbà tí wọ́n bá rí akápò lọ́ọ̀ọ́kán. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ahun; owó oṣù ni kò tó owó oṣù.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò ní ohun tí yóò sọ sínú igbá ṣì máa jẹun ọ̀sán. Owó tí yóò fi jẹun náà wà lápò rẹ̀, yóò sì ná an dandan. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti ra oúnjẹ náà, tí oúnjẹ náà dára, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti ìta lọ, ó ti jẹun, ó sì ti ṣe ìrànwọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi agbára gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìkòkò lè ṣe ohun tí igbá kò lè ṣe.

OHUN TÍ ÀWỌN OBÌNRIN MONTGOMERY ṢE

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ìlú Montgomery wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, òfin kò gbà pé kí adúláwọ̀ àti òyìnbó jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Iwájú ni ti àwọn òyìnbó, ẹ̀yìn ni ti àwọn adúláwọ̀. Bí iwájú bá sì kún, adúláwọ̀ ní láti dìde fún òyìnbó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1955, obìnrin aránṣọ kan, Rosa Parks, kọ̀ láti dìde. Àwọn ọlọ́pàá mú un. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lọ ṣe onídùúró rẹ̀ ni E. D. Nixon, olórí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú náà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi: òṣìṣẹ́ ni ẹni tí wọ́n mú, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ni ẹni tí ó dúró fún un.

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá náà, àwọn adúláwọ̀ Montgomery kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Montgomery Improvement Association, wọ́n fi ọ̀dọ́mọdé àlùfáà kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 26, Martin Luther King, ṣe alága, wọ́n sì fi Nixon ṣe akápò. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Fún àwọn tí ọ̀nà wọn jìn, ẹgbẹ́ ṣètò ọkọ̀ bí 300 tí yóò máa gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fi ìpinnu rere rìn. Epo ni ó ń mu, táyà rẹ̀ ń jẹ, ó ń fẹ́ àtúnṣe, ó sì ń fẹ́ owó adójútòfò. Ìjà tí wọ́n rò pé ó lè parí ní ọjọ́ díẹ̀ di ọ̀ràn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù. Níbo ni owó yóò ti máa wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Níbí ni obìnrin tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ti wọlé. Georgia Gilmore ni orúkọ rẹ̀. Alásè ni ní ilé oúnjẹ kan, agbẹ̀bí ni, ó sì jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́fà. Òun àti àwọn obìnrin kan dá dọ́là 14 jọ láàárín ara wọn. Wọ́n fi ra adìyẹ, búrẹ́dì àti ewébẹ̀, wọ́n din adìyẹ, wọ́n fi há búrẹ́dì láàárín, wọ́n sì gbé e lọ síbi ìpàdé ńlá àwọn ènìyàn wọn. Ó tà. Wọ́n tún ra òmíràn. Láìpẹ́ wọ́n ń se ẹja, ẹran àti ẹ̀fọ́, wọ́n ń yan kéèkì àti páì ànàmọ́, wọ́n ń tà á ní ilé ìṣerun, ní ilé alágbàfọ̀ àti ní ibùdó takisí. Kódà àwọn òyìnbó kan ń rà lọ́wọ́ wọn.

Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé àwọn òyìnbó. Bí ọ̀gá wọn bá mọ̀ pé wọ́n ń kówó jọ fún ìjà náà, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ni Gilmore ṣe fún ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí Ẹgbẹ́ Tí Kò Ti Ibì Kankan Wá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé níbo ni owó yìí ti wá, èsì ti wà nílẹ̀: kò ti ibì kankan wá. Gilmore nìkan ni ó mọ orúkọ gbogbo àwọn tí ń sè àti àwọn tí ń fún un lówó. Ṣùgbọ́n bí ó bá di àkókò ìpàdé, òun yóò dìde níwájú gbogbo èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ka iye tí wọ́n pa ní ọ̀sẹ̀ náà, yóò sì gbé e kalẹ̀. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, ilé a mì tìtì. Láàárín dọ́là 125 sí 200 ni wọ́n ń mú wá lọ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin apá kejì ìlú rí i, àwọn náà dá ti wọn sílẹ̀ lábẹ́ Inez Ricks. Ẹgbẹ́ méjèèjì wá ń bá ara wọn díje ẹni tí yóò mú owó púpọ̀ jù wá, àpò ìjà náà ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1956, wọ́n pe King lẹ́jọ́. Gilmore jáde láti jẹ́rìí. Ó sọ níwájú adájọ́ bí awakọ̀ kan ṣe gba owó rẹ̀, tí ó ní kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, tí ó sì wa ọkọ̀ lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Nítorí ẹ̀rí yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. King gbà á níyànjú pé kí ó máa sè nílé ara rẹ̀, ó sì fún un lówó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìdáná rẹ̀ di ibi tí àwọn aṣáájú ti ń jẹun tí wọ́n sì ti ń gbìmọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé òfin ìyàsọ́tọ̀ inú bọ́ọ̀sì kò bá òfin ilẹ̀ mu. Nígbà tí wọ́n padà wọ bọ́ọ̀sì ní oṣù Kejìlá, ó ti pé ọjọ́ 381. Gilmore kò dẹ́kun oúnjẹ sísè fún àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1990.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Ohun àkọ́kọ́ ni pé wọn kò dúró de owó ńlá. Dọ́là 14 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ni pé wọn kò fi iṣẹ́ náà mọ sí ọjọ́ kan. Oúnjẹ kan ṣoṣo tí a tà lọ́jọ́ ayẹyẹ kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pẹ́; ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni epo ń tán nínú ọkọ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ń mú owó wá.

Ìkẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi orúkọ pamọ́, wọ́n sì fi owó hàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ni a ń fi hàn, owó ni a ń fi pamọ́. A ó ya fọ́tò, a ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ó dárúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì lórí àga gíga. Nígbà tí ó bá ku ká sọ iye tí ó wọlé, ọ̀rọ̀ a di wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó ra mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wa fún ìrànwọ́ kò ra mọ́ínmọ́ín nìkan. Ó ra ìdánilójú pé oúnjẹ náà kò ní ṣe òun ní ibi, àti pé owó òun yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a torí rẹ̀ tà á. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, kò ní ra èkejì. Nítorí náà ìkòkò gbọ́dọ̀ mọ́, ìwé owó pẹ̀lú gbọ́dọ̀ mọ́.

OÚNJẸ WO NI KÍ A SÈ?

Kéèkì àti páì ni wọ́n ń tà ní Montgomery, ṣùgbọ́n ìwà wọn ni kí a kọ́, kì í ṣe ṣúgà wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń pa àwọn òṣìṣẹ́ láàárín wa, àwọn mìíràn kò sì mọ̀ pé ó wà lára wọn. Kò bójú mu kí a máa ta ohun tí yóò gbé ẹlòmíràn dé orí ibùsùn, nítorí pé a fẹ́ ran ẹni tí ó ti wà lórí ibùsùn lọ́wọ́.

Inú wa dùn pé oúnjẹ ilé wa tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀wà wa yìí jù lọ ní gbogbo ayé, ẹ̀wà sì ń tún ara ṣe bí ẹran ti í ṣe é, kò sì wọ́n tó ẹran. Mọ́ínmọ́ín tí a fi ewé pọ́n, tí a fi ẹ̀kọ tì lẹ́yìn, jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán tí kò ní àléébù. Ẹ̀wà sísè àti dòdò díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà, àgbàdo sísè, ẹ̀fọ́ rírò pẹ̀lú ẹja, gbogbo rẹ̀ ni a lè tà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ọya ní másà, kunu àti zobo. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Enugu ní òkpá. Ẹ se ohun tí àwọn ará ibi tí ẹ wà mọ̀, nítorí ọjà tí a kò mọ̀ kì í yá tà.

Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. Ẹ rántí pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú magí pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti fi magí sí i, ẹ dín iyọ̀ kù. Ẹ jẹ́ kí àlùbọ́sà, ata, edé, irú àti atalẹ̀ ṣe iṣẹ́ adùn. Zobo kò fẹ́ ṣúgà púpọ̀: ẹ fi ọ̀pẹ òyìnbó àti atalẹ̀ sè é, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣúgà bù ú fúnra rẹ̀. Òróró tí a ti fi din nǹkan títí tí ó fi dúdú kò yẹ ní lílò mọ́.

Ẹ kọ ohun tí ó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sára pátákó kékeré kan. Ẹ̀pà àti edé wà tí kò bá ara àwọn mìíràn mu rárá. Ẹran kan wà tí ẹ̀sìn ẹlòmíràn kò fàyè gbà. Ní oṣù ààwẹ̀, níbi tí àwọn Mùsùlùmí bá pọ̀ sí láàárín wa, kí títà bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ní àkókò ìṣínu, kì í ṣe ọ̀sán gangan. Ẹgbẹ́ tí ó kó gbogbo ènìyàn mọ́ra gbọ́dọ̀ ní ìkòkò tí ó kó gbogbo ènìyàn mọ́ra.

ÌMỌ́TÓTÓ KÌ Í ṢE ÀṢEJÙ

Ẹni tí ó ń sè fún ọmọ mẹ́rin lè mọ ẹni tí inú run. Ẹni tí ó ń sè fún 200 òṣìṣẹ́ lè dá gbogbo ilé iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ gbogbo ẹni tí ń sè oúnjẹ, mo sì fẹ́ kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri.

1. Ẹ jẹ́ kí ohun gbogbo mọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Ẹni tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ó ń bì, tàbí tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ó lè máa gba owó.

2. Ẹ ya tútù sọ́tọ̀ kúrò lára sísè. Ọ̀bẹ tí a fi gé adìyẹ tútù kò gbọ́dọ̀ gé tòmátì tí a óò jẹ ní tútù, àfi bí a bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

3. Ẹ sè é jinná. Ẹran, ẹyin àti ẹja gbọ́dọ̀ gbóná dé inú. Mọ́ínmọ́ín tí àárín rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ògì kò tíì jinná.

4. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kí gbígbóná máa gbóná nínú kúlà, kí tútù máa tutù lórí yìnyín. Oúnjẹ sísè tí ó bá wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ ti ń di ewu. Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí ẹ sè é, kì í ṣe alẹ́ àná.

5. Omi tí ó mọ́ àti èlò tí ó dára ni kí ẹ lò. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ tí kò dá yín lójú, ẹ sè é kó hó kí ẹ tó fi po kunu tàbí zobo.

Lórí èlò, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè fò. Àwọn oníṣòwò kan ń fi apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má ba jẹ ẹ́. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oní mílílítà 100 irú apakòkòrò tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Sniper ní ọjà gbangba. Ẹ̀wà tí òórùn rẹ̀ bá ta yín nímú bí oògùn, ẹ má rà á, bí ó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti máa ra ẹ̀wà.

Oúnjẹ tí a sè lóòjọ́ tí a sì tà lóòjọ́ ni mò ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ dé zobo mọ́ ìgò, kí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ọn, kí ẹ sì máa tà á káàkiri, ọ̀rọ̀ ti di ti NAFDAC, ó sì ní láti gba ìwé àṣẹ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ lọ bá àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ỌWỌ́ TA NI IṢẸ́ NÁÀ WÀ?

Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka pé bí a bá ti dárúkọ oúnjẹ, gbogbo ojú a yí sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ bí ọkùnrin, wọ́n sì tún ní ilé tí wọ́n ń tọ́jú. Bí ìrànwọ́ fún ẹnìkan bá di ẹrù lórí ẹlòmíràn, a kò tíì ṣe ìrànwọ́. Ọkùnrin lè ṣa ẹ̀wà, ó lè bó o, ó lè gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó lè pọn omi, ó lè fọ ìkòkò. Ẹ pín iṣẹ́ náà, ẹ sì kọ orúkọ sílẹ̀ ní ìyípoyípo, kí ẹni tí ó sè lóṣù yìí sinmi lóṣù tí ń bọ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ má sì fi tipátipá ta oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀gá má pàṣẹ fún àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rà á, kí ẹ má sì yọ owó rẹ̀ láti inú owó oṣù. Ẹni tí kò bá rà á lónìí lè rà á lọ́la bí kò bá sí ẹni tí ó wò ó níwò burúkú.

BÍ A Ó TI ṢE ÌṢIRÒ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ẹ̀ka kan se mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ fún ènìyàn 200, tí wọ́n sì ta ti ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ₦1,000. Ìyẹn yóò jẹ́ ₦200,000. Ẹ̀wà, ata, epo, ẹyin àti edé jẹ́ ₦90,000. Ẹ̀kọ jẹ́ ₦15,000. Ewé àti gáàsì jẹ́ ₦15,000. Owó ọkọ̀ àti omi jẹ́ ₦10,000. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ná jẹ́ ₦130,000. Èrè tí ó kù fún ìrànwọ́ jẹ́ ₦70,000.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan a kéde pé ẹgbẹ́ pa ₦200,000. Nígbà tí opó bá gba ₦70,000, gbogbo ènìyàn a máa bi ara wọn léèrè pé ta ni ó jẹ ìyókù. Iye tí ó wọlé, iye tí a ná àti iye tí ó kù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a kà pa pọ̀. Àṣìṣe kejì ni kí a sè ju bí ènìyàn ṣe lè rà lọ. Bí ogún mọ́ínmọ́ín bá ṣẹ́kù láìtà, ₦20,000 ti lọ, láti inú ₦70,000 yẹn ni ó sì ti lọ. Nítorí náà, ẹ gba orúkọ àwọn tí yóò rà á kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ẹni tí ń ta oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń gba owó, ẹni tí ń gba owó kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé. Kí ènìyàn méjì ka owó náà lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ó sì wọ báńkì kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ kejì. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Níbi tí oníṣòwò kò bá ti í fúnni ní rìsíìtì, ẹ kọ iye, ọjọ́ àti ohun tí ẹ rà, kí ẹni kejì jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ pátákó ẹgbẹ́. Kí ẹni tí ó gba ìrànwọ́ fọwọ́ sí iye tí ó gbà, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ òun, ẹ bò ó láṣìírí. Iye owó ni ti gbogbo ayé. Ìtìjú ẹni kì í ṣe ti gbogbo ayé.

ÌRÀNWỌ́ KÌ Í ṢE ÀRỌ́PÒ Ẹ̀TỌ́

Mo fi ọ̀rọ̀ tí ó le jù sí ìkẹyìn. Ká ní ẹ̀rọ gé akẹgbẹ́ wa kan ní ìka ní ibi iṣẹ́. Inú wa bàjẹ́, a gbé ìkòkò kaná, a ta oúnjẹ, a sì kó ₦70,000 fún un. Agbanisíṣẹ́ náà wá ra mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá, ó kí wa pé a ṣeun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, ta ni a ràn lọ́wọ́ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀? Agbanisíṣẹ́ ni a ràn lọ́wọ́.

Òfin Ìsanpadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ó ń san sínú àpò tí àjọ NSITF ń ṣàkóso. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́. Láti inú àpò yẹn ni kí òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ti gba owó ìtọ́jú àti owó ìsanpadà. Òfin náà fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ó farapa, tàbí àwọn ará ilé rẹ̀ bí ó bá kú, fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Bákan náà, Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ra adójútòfò ẹ̀mí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, iye tí ó tọ́ sí àwọn tí ó fi sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí gbogbo owó ọdún kan rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó ọdún mẹ́ta àti ₦70,000! Akọ̀wé ẹ̀ka tí ó rántí ẹ̀wà ṣùgbọ́n tí ó gbàgbé ọjọ́ 14 ti jẹ́ kí ẹ̀tọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ níṣojú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé ni kí a kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni kí a gbé ìkòkò kaná. Ẹ̀tọ́ máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọmọ kì í dúró de ẹ̀tọ́ kí ebi tó pa á. Àárín ìgbà tí a béèrè ẹ̀tọ́ àti ìgbà tí ó dé ni àyè ìkòkò wa. Bí ó ti rí náà ni ní Montgomery: adìyẹ àti kéèkì kọ́ ni ó yí òfin padà, ilé ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 381 bí kò bá sí epo nínú ọkọ̀ tí ń gbé àwọn arúgbó?

Fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, bí àwọn ọmọ aláìlóbìí tàbí àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ fún wọn ní ohun tí ẹ ní, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ohun tí ó yẹ kí ó ṣe.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ Ẹ̀KA

1. Ta ni ó nílò ìrànwọ́ jù láàárín wa tàbí ní àdúgbò wa báyìí? Ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ kan wà tí a kò tíì bá a béèrè?

2. Oúnjẹ wo ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ń rà lọ́sàn-án? Kí ni a lè sè tí yóò sàn jù ú lọ, tí kò sì ní wọ́n jù ú lọ?

3. Àwọn wo ni yóò sè, àwọn wo ni yóò fọ ìkòkò, àwọn wo ni yóò ka owó? Ǹjẹ́ ọkùnrin wà nínú àwọn tí yóò sè?

4. Ibo ni a ó lẹ àkọsílẹ̀ owó mọ́, ọjọ́ wo ni a ó sì kà á?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má dúró di ìgbà tí owó ńlá bá dé. Ẹ mú ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí lọ sí ìpàdé yín tí ń bọ̀, kí ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọlọ́run yóò fún wa ní ìlera láti máa ṣe é, yóò sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa máa ṣe wá lóore. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ yóò máa wà títí lọ o.